Ara Yí Padà, Inú Ńkọ́? Àyẹ̀wò Òfin Ìparadà nínú Dungeons & Dragons

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí ti sọ ìdajì àròkọ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Pa ara dà: ìparadà. Ara ni ọ̀rọ̀ náà dárúkọ. Kò dárúkọ inú, kò dárúkọ orí, kò sì sọ ohunkóhun nípa ìrántí. Nínú àlọ́ tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ ní kékeré, níbi tí àgbọ̀nrín ti bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó tí ó sì di arẹwà obìnrin lọ́jọ́ ọjà, àgbọ̀nrín náà mọ̀ pé àgbọ̀nrín ni òun. Ó mọ ibi tí òun fi awọ pamọ́ sí, ó sì mọ ọ̀nà padà sílé. Ara ni ó pààrọ̀.

Ìwé tí mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ kò dàbí àlọ́ yìí, ìwé òfin eré ni. Ṣùgbọ́n ó ní láti dáhùn ìbéèrè tí apàlọ́ lè fò kọjá: nígbà tí ènìyàn bá di ẹranko, èwo nínú rẹ̀ ni ó yí padà, èwo ni kò yí padà? Bí oró bá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti fi okùn dè é ńkọ́? Bí onídán mìíràn bá ta idán lù ú nígbà tí ó wà ní ara ẹranko, ta ni idán náà bà, ẹranko ni àbí ènìyàn? Ẹni tó ń pàlọ́ lè sọ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń kọ òfin kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú wọn ló sì fẹ́ kí ẹ̀dá tirẹ̀ yè.

Eré náà ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Fún òbí tàbí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n: kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹnì kejì. Adarí eré kan ń sọ ìtàn, olúkúlùkù àwọn yòókù ń darí ẹ̀dá ìtàn kan, ọ̀kan lè jẹ́ jagunjagun, òmíràn onídán, òmíràn olè. Bí ẹ̀dá kan bá fẹ́ ṣe ohun tó nira, ẹni tó ni ín yóò ju dáìsì olójú 20, nọ́ńbà tó bá jáde ni yóò sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ idán yóò ti mú kí àwọn òbí kan fura. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn òbí àti oníwàásù kan gbógun ti eré yìí pé iṣẹ́ òkùnkùn ni. Ẹni tó bá ṣí ìwé òfin náà yóò rí i pé ìṣirò ló kún inú rẹ̀: àròpọ̀, àyọkúrò, àti gbólóhùn tí a ní láti kà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé ni. Ẹrù tí mo rò pé ó yẹ kó ba òbí ni ti ọmọ tó bá ń ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé ọdún 2014, tí í ṣe ìpín karùn-ún eré náà, ni n ó dúró lé jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń lò. Ọ̀nà ìparadà méjì ló gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Èkíní ni idán tó ń jẹ́ Polymorph. Onídán lè ta á lu ara rẹ̀, lu ọ̀rẹ́, tàbí lu ọ̀tá, ẹni náà yóò sì di ẹranko fún wákàtí kan ó pẹ́ jù. Èkejì ni Wild Shape, tí í ṣe ẹ̀bùn àwọn druid, àwọn olùtọ́jú igbó, tí wọ́n fi ń di ẹranko fúnra wọn láìsí pé wọ́n ta idán kankan. Ojú kan náà ni èèyàn fi ń wo méjèèjì, àwọn méjèèjì sì ń sọ ènìyàn di béárì. Ṣùgbọ́n òfin tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ró yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru.

Nínú Wild Shape, druid gba ara ẹranko, agbára rẹ̀ àti ìyára rẹ̀, ṣùgbọ́n òye rẹ̀, làákàyè rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà bá ènìyàn lò kò yí padà. Ohun tó kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ara tuntun náà bá lè ṣe é. Ìparadà gan-an gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń pè é ni èyí. Polymorph kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà ẹ̀dá náà, títí kan òye, ni wọ́n fi ti ẹranko rọ́pò. Ohun méjì péré ni ìwé náà ní ó ṣẹ́kù: ìwà rẹ̀, àti ìhà tó wà láàárín rere àti búburú. N ó padà sórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìṣirò.

Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní iye ẹ̀mí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ iye ọṣẹ́ tí ó lè gbà kí ó tó ṣubú. Nínú ìwé 2014, ẹni tí Polymorph bá ràn gba iye ẹ̀mí ẹranko náà ní odidi. Bí iye ẹ̀mí ẹranko bá tán, ó padà sí ara rẹ̀ pẹ̀lú iye ẹ̀mí tó ní tẹ́lẹ̀, ọṣẹ́ tó bá ṣẹ́kù ni a ó sì yọ kúrò nínú tirẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Jagunjagun ìpele 7 kan ti fara gba ọgbẹ́, ẹ̀mí 12 péré ló kù fún un. Onídán ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ìnàkí ńlá, tí iye ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 157. Ọ̀tá lù ú títí, àpapọ̀ ọṣẹ́ jẹ́ 160. Ìnàkí parẹ́, 3 ló ṣẹ́kù, jagunjagun padà dé pẹ̀lú ẹ̀mí 9. Ìdán ìpele kẹrin kan ṣoṣo ni onídán ná. Ká ní àlùfáà ẹgbẹ́ náà ló fi irú ààyè idán bẹ́ẹ̀ ta Cure Wounds láti wo jagunjagun náà sàn, dáìsì olójú 8 mẹ́rin ni yóò jù, yóò fi nǹkan díẹ̀ kún un, àròpọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju 22 lọ. Ìdán tí wọ́n dá fún ìwòsàn fún un ní 22. Ìdán tí wọ́n dá fún ìparadà fún un ní 157, ó sì tún fún un ní ìkúùkù méjì tó lè fọ́ ògiri.

Ọmọ tó ń ṣe àlùfáà nínú ẹgbẹ́ náà á mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí mo ń pè ní ìṣòro nìyí, ó sì ju ọ̀rọ̀ ìṣirò lọ. Ìwé tó sọ fún ọmọ kan pé “ìwọ ni oníwòsàn ẹgbẹ́,” tó sì tún gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, ìwé náà kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Àmọ́ ó yẹ kí a gbóríyìn fún àwọn tó kọ òfin náà lórí ohun kan. Wọ́n so Polymorph mọ́ ìfọkànsí. Onídán tó ta á gbọ́dọ̀ máa fi ọkàn sí i, kò lè fi ọkàn sí idán mìíràn irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀tá bá sì ṣe é lọ́ṣẹ́, ó ní láti ju dáìsì kí ọkàn rẹ̀ má bàa kúrò níbẹ̀. Bí ó bá kùnà, ìnàkí á di ènìyàn lójú ẹsẹ̀, bóyá láàárín afẹ́fẹ́, bóyá ní ẹnu ọ̀nà tí jagunjagun tó ní ẹ̀mí 12 kò gbọ́dọ̀ dá nìkan dúró sí. Níbí ni mo ti rántí àgbọ̀nrín inú àlọ́. Ọdẹ tó gbé awọ rẹ̀ pamọ́ ló ní in. Gbogbo agbára obìnrin náà wà nínú nǹkan kan tí ẹlòmíràn lè jí. Ìfọkànsí onídán ni awọ ìnàkí wa. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró lókèèrè, ọ̀tá tó bá ní ọgbọ́n yóò fi ìnàkí sílẹ̀ yóò sì dojú kọ onídán. Òfin tó bí irú eré bẹ́ẹ̀, òfin rere ni.

Bí onídán bá ta á lu ara rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Líle ara ni òfin fi ń díwọ̀n ìfọkànsí, kì í fi òye díwọ̀n rẹ̀. Onídán tó kàwé títí tí òye rẹ̀ fi dé 20, tí ara rẹ̀ kò le púpọ̀, lè sọ ara rẹ̀ di Tyrannosaurus. Òye Tyrannosaurus jẹ́ 2. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le ju ti onídán lọ fíìfíì, nítorí náà alángbá ńlá tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ń fi ọkàn sí idán náà dáadáa ju ọ̀mọ̀wé tó ta á lọ. Òfin méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́gbọ́n mu, pàdé, wọ́n sì bí òmùgọ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ni wọ́n ta á lù, tó kùnà dáìsì rẹ̀, wọ́n lè sọ ọ́ di eku ẹlẹ́mìí 1. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré máa ń rò pé ogun ti parí nìyẹn: ẹ tẹ eku pa. Òfin ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá tẹ eku náà, ọṣẹ́ 1 àkọ́kọ́ ló pa eku, ìyókù bọ́ sára òmìrán tó padà dé, inú rẹ̀ kò sì dùn. Bí wọ́n bá ju eku náà sílẹ̀ láti orí òkè gíga tó ẹsẹ̀ bàtà 200, dáìsì olójú 6 ogún ni wọn yóò jù, àròpọ̀ rẹ̀ á máa wà ní nǹkan bíi 70, òmìrán yóò sì gba 69. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n òmìrán tó ní ẹ̀mí 100 lé ṣì wà láàyè. Mo fẹ́ràn ibí yìí. Eku náà wúlò fún ohun tí ó yẹ kó wúlò fún: láti sá lọ, láti ra àkókò, láti gbé ọ̀tá sínú agolo nígbà tí a ń bá àwọn yòókù jà.

Ti druid lọ́nà mìíràn ni. Ẹ̀yà druid kan wà tí wọ́n ń pè ní Circle of the Moon. Láti ìpele kejì nínú ìwé 2014, ó lè di béárì tí iye ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 34, lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sinmi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀mí tirẹ̀ jẹ́ 17. Béárì kan, béárì kejì, àti òun fúnra rẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85. Jagunjagun ìpele kejì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé dídúró níwájú ogun ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bíi 20. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé jagunjagun mẹ́rin ni druid kan. Àǹfààní yìí ń dínkù bí ìpele ti ń gòkè, ṣùgbọ́n ìpele kejì ni àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń pinnu bóyá eré náà tọ́ sí wọn.

Nítorí pé Wild Shape kì í já ìfọkànsí, druid tún lè kọ́kọ́ ta idán Barkskin sí ara rẹ̀, tó ń sọ awọ ara le bí èèpo igi, kí ó tó di ìkookò. Nọ́ńbà ààbò ìkookò jẹ́ 13. Barkskin kì í jẹ́ kí nọ́ńbà ààbò lọ sílẹ̀ ju 16 lọ. Ìkookò wa di 16. Àpapọ̀ tó mọ́gbọ́n wá nìyí. Ìdán náà wà lára druid, druid ló sì wà nínú ìkookò. Kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀, inú mi sì máa ń dùn bí ọmọ kan bá ṣàwárí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí ni Disintegrate. Ìdán tó ń sọ ènìyàn di eérú ni. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sọ pé bí ọṣẹ́ rẹ̀ bá sọ iye ẹ̀mí ẹni tó bà di òfo, ẹni náà yóò di eérú. Ẹ mú druid kan tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 60, tó wà nínú ara béárì ẹlẹ́mìí 34. Disintegrate bà á, ọṣẹ́ jẹ́ 75. Ẹ̀mí béárì di òfo. Ṣé druid ti di eérú? Àbí a ó kọ́kọ́ dá a padà, kí a yọ 41 tó ṣẹ́kù kúrò nínú 60, kí ó kù fún un 19? Ẹni tó di gbólóhùn náà mú ṣinṣin yóò sọ pé ó ti di eérú, nítorí ẹ̀mí ti di òfo fún ìṣẹ́jú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí 60 wà ní ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ọmọ tó ti darí ẹ̀dá kan fún ọdún kan lè pàdánù rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan.

Ní ọdún 2018, àwọn tó ni eré náà tẹ àtúnṣe jáde. Wọn kò fi ìpínrọ̀ kún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ni wọ́n pààrọ̀: dípò kí ọṣẹ́ náà sọ ẹ̀mí di òfo, wọ́n kọ ọ́ pé kí ó fi ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú òfo. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ó sì tóbi bí òkè. Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ń wo ìgbà tí ọṣẹ́ ń kọjá lọ. Ìtumọ̀ kejì ń dúró dìgbà tí gbogbo ìṣirò bá parí kí ó tó wo ohun tó ṣẹ́kù. Druid wa ní 19, ó yè. Ẹ̀yin olùkọ́ gírámà tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ tí ọmọ kò ní gbàgbé, ẹ lò ó.

Àwọn ìdíjú mìíràn kéré sí èyí. Dispel Magic, tó ń tú idán, lè tú Polymorph ká, nítorí idán ni. Kò lè tú Wild Shape, nítorí ẹ̀bùn ni. Àmọ́ nínú Antimagic Field, níbi tí ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ agbára idán kò ti lè ṣiṣẹ́, Wild Shape náà á dákẹ́, nítorí ìwé 2014 sọ fúnra rẹ̀ pé agbára idán ni druid fi ń paradà. Ẹni tí wọ́n fi okùn dè tó di eku ńkọ́, ṣé okùn bọ́? Ìwé náà kò sọ, adarí eré ni yóò dá a, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé tó lè ka gbogbo okùn ayé. Ibi tí mi ò gba àwáwí wọn ni ọ̀rọ̀ “aparadà.” Polymorph kì í ran aparadà, Moonbeam sì máa ń dá aparadà padà sí ojúlówó ara rẹ̀. Ta ni aparadà? Ṣé ẹ̀yà ẹ̀dá kan ni, bí ẹni tó ń di ìkookò lóṣùpá, àbí ẹnikẹ́ni tó bá ń paradà lọ́wọ́, druid náà pẹ̀lú? Ọ̀rọ̀ kan tí ìdán méjì gbára lé, ó yẹ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní ojú kan tí gbogbo ènìyàn lè rí.

Kò yẹ kí n jẹ́ kó dà bí ẹni pé ìpín karùn-ún ló bí ìṣòro yìí. Ìdán ìparadà ti wà nínú ìwé ọdún 1974 náà. Nínú ìpín tó jáde ní 2003, wọ́n kọ Polymorph pé ó rí bí idán mìíràn àfi ní báyìí-báyìí, ènìyàn ní láti ṣí ojú ewé kan lé òmíràn kí ó tó mọ ohun tó dà. Nígbà tó di 2006, àwọn tó ni eré náà fúnra wọn tẹ oríṣi idán ìparadà tuntun tó ń dárúkọ ara kan pàtó, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ṣa ẹranko nínú gbogbo ìwé. Ilé-iṣẹ́ Paizo, tó gbé Pathfinder jáde ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn: ẹ di nọ́ńbà tiyín mú, ara ẹranko kàn ń fi èlé kún un. Ẹni tó di ẹranko tó tóbi tó ènìyàn nípasẹ̀ ìdán Beast Shape tó kéré jù gba 2 lórí agbára rẹ̀ àti 2 lórí ààbò rẹ̀. Ó mọ́, ó yá, kò sí ìjà. Ó sì gbẹ. Ènìyàn di ẹkùn, ohun tó sì rí gbà ni méjì àti méjì.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí mo ní n ó padà sí. Polymorph ní òye ẹni náà di ti ẹranko, ìwà rẹ̀ ṣẹ́kù. Ìrántí ńkọ́? Ìwé náà dákẹ́. Jagunjagun wa tó di Tyrannosaurus, tí òye rẹ̀ di 2, ṣé ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ṣé ó rántí pé ilé tí wọ́n wà yìí, àwọn ọmọ tí wọ́n wá gbà sílẹ̀ wà ní yàrá ìsàlẹ̀? Adarí eré kan yóò sọ pé ìwà rẹ̀ ṣì wà, nítorí náà ó mọ̀ wọ́n. Òmíràn yóò sọ pé òye 2 kò lè mọ̀ ju ebi lọ, yóò sì gba ẹ̀dá náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ tó ni ín, yóò máa darí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì lè tọ́ka sí ìwé kan náà, ojú ewé kan náà.

Ibi tí ó ti ń ká mi lára ni pé, nínú eré yìí, ẹ̀dá ìtàn nìkan ni ohun tí ọmọ ní. Adarí ló ni òkè, òun ló ni ìlú, òun ló ni ọ̀tá àti ojú ọjọ́. Ọmọ ní ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀rẹ́ bá sọ ẹni yẹn di ẹranko láti fi ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n sì wá sọ fún un pé “ìwọ kò mọ àwọn tó jókòó tì ọ́ mọ́,” wọ́n ti gba ìjókòó rẹ̀ lórí tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dáìsì ṣì wà níwájú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń yan ìnàkí ńlá dípò Tyrannosaurus, tí kì í ṣe nítorí ẹ̀mí 157 tó ju 136 lọ, bí kò ṣe nítorí pé òye ìnàkí jẹ́ 7. Ohun tí wọ́n ń rà ni ẹ̀tọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá wọn. Ìwé kankan kò sọ fún wọn pé 7 tó, pé 2 kò tó. Wọ́n kàn lérò pé adarí yóò ṣàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí nọ́ńbà náà bá súnmọ́ ti ènìyàn.

Ìwé tuntun ọdún 2024 tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Ẹni tó bá paradà ṣì ní iye ẹ̀mí tirẹ̀. Ara ẹranko kàn fún un ní ẹ̀mí onígbà díẹ̀ lórí rẹ̀. Fún druid, ẹ̀mí onígbà díẹ̀ yìí kò ju iye ìpele rẹ̀ lọ, ti Circle of the Moon sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìpele: 9 ní ìpele kẹta, níbi tí ẹ̀yà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Jagunjagun gba ipò rẹ̀ padà. Ìjà lórí Disintegrate parí láìsí pé ẹnikẹ́ni tún gbólóhùn kankan kọ, nítorí kò sí òfo kankan tó ń kọjá lọ mọ́. Ohun tí a pàdánù ni pé ara béárì kò wúwo bíi ti àtijọ́. Ó ti di ẹ̀wù tí a wọ̀ sórí ẹ̀wù. Mo gbà pé ìdájọ́ tó tọ́ ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ àárò béárì 34 yẹn ń sọ mí díẹ̀.

Ìlà kan tí kò pariwo nínú ìwé 2024 ló wú mi lórí jù: ẹni tó paradà kò pàdánù irú ẹ̀dá tí ó jẹ́. Ní 2014, ènìyàn tó di Tyrannosaurus ti di ẹranko lójú òfin. Hold Person, idán tó ń mú ènìyàn dúró gbagidi, kò lè mú un, ṣùgbọ́n Dominate Beast, tó ń mú ẹranko sìn, lè mú un. Ní 2024, ó yí padà: Tyrannosaurus náà dúró sójú kan fún Hold Person, nítorí pé ènìyàn ni, Dominate Beast sì kọjá lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Ọ̀tá tó wo alángbá ńlá tó sì ta idán ènìyàn lù ú ti lóye ohun tí àgbọ̀nrín inú àlọ́ mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé wọn kò gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Polymorph 2024 ṣì fi òye ẹranko rọ́pò ti ènìyàn, kò sì dárúkọ ìrántí. Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un, kò sì ní gba ju ìlà kan lọ nínú ìwé: bí òye ẹ̀dá bá lọ sílẹ̀ nítorí ìparadà, ẹni tó ni ẹ̀dá náà ni yóò sọ ohun tí ó ṣì ń rántí, kì í ṣe adarí eré. Títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣeré lè kọ ọ́ sórí bébà kan kí wọ́n tó ju dáìsì àkọ́kọ́.